Ẹni Tó Kágò Létí Odò

Ọkùnrin kan wà tí àwọn ará àdúgbò fi ṣe alága ìtúnṣe odò wọn. Odò náà gba àárín ìlú kọjá, pàǹtí sì ti fún un lọ́rùn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n kó ọ̀rá jáde, wọ́n kó táyà jáde, wọ́n gbin igi sí bèbè. Nígbà tí odò tún ń mí, kọ̀ǹkọ̀ padà, akàn padà, lékeléke sì ń bà létí omi. Wọ́n wá ń la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́bàá odò, kí tọmọdé tàgbà lè máa rìn gbatẹ́gùn.

Ibì kan ló kù. Níbi tí odò ti yípo, èèsún àti ìko dí pa, ibẹ̀ sì ni gbogbo ohun tó padà wá ti ń sùn, tí wọ́n ti ń yé, tí wọ́n ti ń bímọ. Ọ̀nà dé ìhín, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àṣà kan sì wà níbẹ̀ láti ayébáyé: ẹni tó bá fẹ́ wọ ibi ìyípo yóò pàtẹ́wọ́, yóò ní, "Àgò o," yóò sì dúró. Bí ohun kan bá fò, tàbí tó ta nínú koríko, onílé ti dáhùn nìyẹn. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, á padà sílé, á tún wá lọ́jọ́ mìíràn.

Alága kò fẹ́ rí ọ̀nà tó já lágbedeméjì. Télọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Alága, ọ̀nà yín mà dà bí irù aláǹgbá tí ilẹ̀kùn gé." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ọjọ́ tí ọba máa ṣí ọ̀nà ti ń sún mọ́, orúkọ tirẹ̀ ni yóò sì wà lẹ́nu ènìyàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó mú àdá, ó kó òṣìṣẹ́ dání. Kọ̀ǹkọ̀ ń ké kíkankíkan. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Àgò o." Àdá ti wọ èèsún kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Alága, ẹ ò mà dúró," ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wí.

"Mo ṣá kágò. Àbí o ò gbọ́ ni?"

Kọ̀ǹkọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ọwọ́ kan bò wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ṣán ibẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ẹyẹ kan kò fò. Akàn kan kò sáré. Alága fọwọ́ kan ẹyin nínú ìtẹ́, ó ṣì gbóná. Kò sí ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ọba ṣí ọ̀nà. Èèyàn rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì yin alága. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ibi ìyípo, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á rẹ ohùn sílẹ̀, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á wẹ̀yìn. Omi ń ṣàn, kò dún. Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ń wọ́ lọ lẹ́bàá odò díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo odò fi pa lọ́lọ́. Àwọn èèyàn padà sí títì tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà pé, kò sẹ́ni tó ń rìn ín.

Alága nìkan ló ń lọ. Á pàtẹ́wọ́ níbi ìyípo, á ní, "Àgò o," á sì dúró títí ẹsẹ̀ á fi ro ó. Nígbà mìíràn, á dà bíi pé ohun kan ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bó bá yíjú padà, ọ̀nà rẹ̀ tó tẹ́jú ni yóò rí.

Ìwọ tí mo torí rẹ sọ ìtàn yìí, o sọ fún mi pé o ti bá ìyá rẹ sọ ọ́ pé wàá wó yàrá wọn, kí ilé tuntun rẹ lè gún régé. Mo gbà pé o sọ ọ́. Kí ni wọ́n fi dá ọ lóhùn? Bí o kò bá mọ̀, fi òòlù sílẹ̀. Padà lọ, jókòó tì wọ́n, kí o sì pa ẹnu mọ́ títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀.