Iṣẹ́ Tí Ọlọ́kè Rán Sí Etídò

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sí ilé Yorùbá tí a kì í ti í gbọ́ òwe yìí. Ìyá ń pa á fún ọmọ, ọ̀gá ń pa á fún ọmọ iṣẹ́, àgbà akọ̀wé ń pa á fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ẹrú inú òwe náà? Ta ni ọmọ? Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n rán, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n sì rán an sí? Ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Òkè-Àpáta ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kò burú, kó sọ tirẹ̀ náà fún wa.

Orí òkúta ni wọ́n tẹ Òkè-Àpáta dó sí, kànga ibẹ̀ kì í jìn. Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò kọ̀, kò rọ̀. Kànga mẹ́rin tó wà láàárín ìlú gbẹ tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Odò kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù wà ní ilẹ̀ Etídò, ìlú tó múlé tì wọ́n. Ẹni tó bá gbéra ní kùtùkùtù yóò dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àwọn ará Etídò kò kọ́kọ́ ṣahun. Wọ́n ń jẹ́ kí àwọn obìnrin Òkè-Àpáta pọnmi lódò wọn, àfi ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Àpáta kan lọ pẹja nínú ibú tí ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Lọ́jọ́ kejì, Onídò, ọba Etídò, wó igi dí ọ̀nà odò, ó sì fi ọdẹ mẹ́fà ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ọ̀nà náà fi wà ní dídí. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn má mọ iye ọjọ́, ṣùgbọ́n Abíọ́nà mọ̀ ọ́n. Abíọ́nà kì í gbàgbé ìyà. Ẹrú ọba ni, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ tí Ọlọ́kè, ọba Òkè-Àpáta, máa ń rán sí ìlú mìíràn. Ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ bí i sí, nígbà tí ogun kó ìyá náà tí wọ́n ń dà á lọ, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Ó mọ iye ẹgba tí ó jẹ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà jíṣẹ́ bí ẹni ń polówó ọjà: mẹ́jọ ni. Ó rántí ọjọ́ tó pe ìjòyè kan lórúkọ, tí wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ sínú oòrùn láti ìyálẹ̀ta títí òjìji fi wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sì di ẹnikẹ́ni sínú. Ìyà náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ó fi máa pé ọdún mọ́kàndínlógójì, gbogbo ààfin ló mọ̀ pé bí Abíọ́nà bá dé ilé onílé, yóò gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò kí ilé, yóò sì dúró títí wọn yóò fi ní kó sọ̀rọ̀. Kì í tú iṣẹ́ ọba lójú ọ̀nà, kì í sì í jẹ tàbí kó mu nílé ẹni tí ó fẹ́ jíṣẹ́ fún títí iṣẹ́ náà yóò fi kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Méjì-méjì ni wọ́n ń rán oníṣẹ́ ní Òkè-Àpáta. Ọ̀kan ni ẹnu, ìkejì ni etí. Ẹnu ni yóò sọ̀rọ̀. Etí kò gbọdọ̀ lanu nílé onílé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbọ́ ohun tí ẹnu sọ, kó sì wá rò ó fún ọba. Bí etí bá sì fi hàn pé ẹnu yí ọ̀rọ̀ ọba padà, wọn yóò ta ẹnu náà fún àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn, kò sì ní fojú kan ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mọ́. Abíọ́nà ní ìyàwó, Àyọ̀ká. Ó ti bí ọmọ kan fún un, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Láti ọjọ́ kejìlá tí wọ́n ti dí ọ̀nà ni ọmú Àyọ̀ká ti ń gbẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, ẹṣin Ọlọ́kè kú. Ọba jáde síta pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní kí wọ́n pe Abíọ́nà àti Mákànjúọlá wá. Ọmọ ìjòyè ni Mákànjúọlá, òun ni yóò jẹ́ etí lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́kè ní, “Ẹ lọ bá mi sọ fún Onídò, ọmọ ẹlẹ́ja jíjẹrà. Ẹ ní mo ní ajá kì í fi ìdí dí ẹnu kànga. Àwọn ọmọ mi pẹja, mo gbọ́. Ṣé nítorí ẹja ni yóò ṣe fi òǹgbẹ pa odindi ìlú? Kó ṣí ọ̀nà odò. Bí ó bá di ọ̀la tí kò ṣí i, iná ni n ó fi kí i nílé. Abíọ́nà, tún un sọ.”

Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀, ó tún un sọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ìjòyè tó jókòó síbẹ̀ ń wo ilẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé Etídò ní ọdẹ ju Òkè-Àpáta lọ, àti pé ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ kò lè jagun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọba tí ẹṣin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú?

Bí wọ́n ṣe kọjá odi ìlú ni Mákànjúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Ẹnu ẹrú ni wọ́n fẹ́ fi bú ọba lónìí! Abíọ́nà, àyà rẹ ò já?”

“Ó já.”

“Bó bá já, jẹ́ kí n jẹ́ ẹnu, kí ìwọ jẹ́ etí. Èmi ò ní gé nínú rẹ̀ o. N ó tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i.”

“A kì í fún ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ní iyọ̀,” ni Abíọ́nà dá a lóhùn, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Wọn ò tí ì rìn jìnnà tí wọ́n fi kan àwọn obìnrin níbi ipa odò kékeré kan tó ti gbẹ. Wọ́n ń fi àpáàdì gbẹ́ iyanrìn, wọ́n ń dúró de omi tó máa sun jáde. Àyọ̀ká wà láàárín wọn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa mọ́.

Àyọ̀ká ní, “Wọ́n ní ọba rán yín sí Etídò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn jà. Ẹ bá wa tọrọ omi.”

Abíọ́nà kò lè sọ iṣẹ́ ọba lójú ọ̀nà. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn, ó ń tú ọ̀rọ̀ Ọlọ́kè palẹ̀ nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń tú ẹrù. Ó rí i pé ohun méjì ni wọ́n dì papọ̀: ìbínú wà níbẹ̀, òǹgbẹ sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ìbínú, kò sẹ́ni tí yóò dúró wo òǹgbẹ. Ó rántí pé wọ́n lè tà á. Ó rántí ojú ọ̀nà tí wọ́n bí i sí. Nígbà tí yóò fi rí òrùlé Etídò lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe, kò sì tún un rò mọ́.

Wọ́n dá wọn dúró lẹ́nu odi pẹ́ kí wọ́n tó mú wọn wọ ààfin. Ọkùnrin gíga kan tó ti ń hu ewú ni Onídò. Kò dá ìkíni wọn lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fún wọn lómi, nítorí pé ọ̀tá náà ní ọ̀fun. Mákànjúọlá gba igbá, ó gbé e kodò, omi ń ṣàn sí i láyà. Abíọ́nà gba tirẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì pa dà sórí ìdọ̀bálẹ̀.

“Kí ló dé?” Onídò bi í. “Ṣé o rò pé mo fi májèlé sí i ni?”

“Kí ẹ pẹ́, kábíyèsí. Omi yín mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá mu ún, ọ̀fun tèmi nìkan ló mu. Àwọn tó rán mi kò tí ì mu.”

Onídò ní kó dìde jókòó, kó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Abíọ́nà ní, “Kábíyèsí, Ọlọ́kè ló rán mi. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ọmọ òun pẹja níbi tí wọn kì í ti í pẹja, kò pa mọ́ fún òun. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ẹja kò tó kí odindi ìlú fi òǹgbẹ san án. Ó ní kí ẹ ṣí ọ̀nà odò. Ó sì ní bí ó bá di ọ̀la tí ọ̀nà náà ṣì wà ní dídí, ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ yóò jó ilé.”

Ọ̀rọ̀ tán. Onídò tẹjú mọ́ ọn. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti mọ Ọlọ́kè, ó mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí.

“Ṣé bí Ọlọ́kè ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí?”

Mákànjúọlá tún ìjókòó ṣe. Abíọ́nà mọ̀ pé bí òun bá ní “bẹ́ẹ̀ ni,” irọ́ ni. Bí òun bá ní “rárá,” ogun ni.

Ó ní, “Kábíyèsí, ẹrù tí wọ́n dì fún mi, mo gbé gbogbo rẹ̀ dé. Eruku ọ̀nà nìkan ni mo nù kúrò lára rẹ̀ kí n tó sọ̀ ọ́ níwájú yín.”

Onídò wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Mo mọ eruku náà! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Òun kan náà ló bà sí mi lára lọ́jọ́ ìwúyè Ọlọ́kè.” Ó yíjú sí àwọn ọdẹ rẹ̀. “Ẹ lọ gbé igi kúrò lọ́nà. Abíọ́nà, sọ fún Ọlọ́kè pé kí àwọn ọmọ tó pẹja wá bẹ ìlú mi, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta ro etí ibú náà. Ó parí. Ó yá, mu omi rẹ.” Abíọ́nà wá gbé igbá náà, ó mu ún.

Kí wọ́n tó dé ilé, Mákànjúọlá ti sáré ṣíwájú. Abíọ́nà bá a lórí ìdọ̀bálẹ̀ níwájú Ọlọ́kè, ó ń rojọ́ tagbára-tagbára.

“Kábíyèsí, kò dárúkọ ẹja jíjẹrà! Kò dárúkọ ajá! Ó sì gbà fún wọn pé àwọn ọmọ yín jẹ̀bi!”

Ojú Ọlọ́kè le. “Abíọ́nà, òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, kábíyèsí. N kò dárúkọ ajá.”

“Ta ló fún ọ láṣẹ láti gé ọ̀rọ̀ mi?”

“Kábíyèsí, ohun méjì lẹ dì fún mi, ìbínú yín àti òǹgbẹ ìlú. Ẹnu ọ̀nà ààfin wọn ò gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé òǹgbẹ wọlé, wọ́n sì dá wa lóhùn: wọ́n ṣí ọ̀nà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó pẹja wá bẹ ìlú àwọn, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta ro etí ibú náà. Ìbínú ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò sọ ọ́ nù. Mo gbé e padà wá fún ẹni tó ni ín.” Ó dojú bolẹ̀. “Bí ẹ bá fẹ́ tà mí, mo wà nílẹ̀ yìí.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ẹ̀rín. Ariwo kan wá bẹ̀rẹ̀ láti ìhà odi, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin ni. Wọ́n ti tẹ̀lé àwọn oníṣẹ́ lókèèrè dé ibi tí wọ́n dí ọ̀nà, bí àwọn ọdẹ sì ti gbé igi kúrò ni wọ́n pọnmi, àwọn àkọ́kọ́ ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí. Olorì kan bu omi sínú igbá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún ọba. Ọlọ́kè mu ún láìsinmi títí ó fi rí ìsàlẹ̀ igbá. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi omi rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ààfin, àwọn ìjòyè ò sì mọ̀.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Mákànjúọlá, o gbọ́ dáadáa, o sì rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo rán yín kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ọba rán. Bí ẹrú ṣe ń bú ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ni mo ṣe rán an. Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán Abíọ́nà, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.” Ó ní kí Abíọ́nà dìde. Ó ní láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ẹrú mọ́ ní Òkè-Àpáta, àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Mákànjúọlá yóò ti máa kọ́ṣẹ́. Mákànjúọlá dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀. Abíọ́nà kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tètè lọ sílé, kí òun wo bóyá ọmọ òun ti mu ọmú.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́kè ni àwọn ìjòyè gbé jáde láàfin tó di òwe: bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ líle tàbí ọ̀rọ̀ tí kò pé rán ènìyàn, kí ẹni náà lè fi ọgbọ́n àti ìwà ọmọlúàbí jẹ́ ẹ láìpurọ́, láìdá ìjà sílẹ̀. Bí inú bá bí ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì, tó ní kí o lọ bi ọ̀lẹ yẹn ibi tó ju fáìlì sí, ìwọ kan ilẹ̀kùn, kí ẹni náà, kí o sì sọ pé ọ̀gá ń béèrè fáìlì, ó sì ń kánjú. Fáìlì ni wọ́n rán ọ. Ọ̀lẹ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ.