Ife Ẹnu Ọ̀nà Olówàrà

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, tó ń sìn màálù, tó sì ń ta wàrà. Láràárọ̀, bí àwọn ọmọ bá ń lọ sílé ìwé, á fi ife kan ṣoṣo bu wàrà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ kan á mu, á gbé e fún èkejì. Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àṣà náà, orí olówàrà a sì máa wú bí àwọn ìyá bá ń súre fún un.

Lọ́dún kan, àrùn ọ̀fun tó máa ń dí èémí ọmọdé wọ abúlé náà. Ó pa ọmọ méjì. Wolé-wolé wá bá olówàrà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbé ife yìí kúrò. Ibẹ̀ ni ẹnu gbogbo wọn ti ń pàdé."

Olówàrà ní, "Ìwọ ọmọ àná yìí, ṣé oore ló wá di májèlé? Bàbá mi ṣe é, kò pa ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rẹ́ mi, o sì mọ bí inú olóore ṣe máa ń tètè bí. Lọ́jọ́ kejì, ṣe ló tún bu wàrà náà kún sí i.

Kò pẹ́ tí ọ̀fun ọmọbìnrin tirẹ̀ wú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìtọ́jú lẹ́yìn abúlé, níbi tí wọ́n ti ń ya aláàrùn sọ́tọ̀. Ojú fèrèsé ni bàbá dúró sí, tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń mí gúlegúle. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ibẹ̀ ló ti rántí pé ọmọ òun náà a máa tò mu nínú ife yẹn.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó fi òòlù lu ife náà pẹlẹbẹ lójú àwọn ọmọ. Ó ní, "Kí oníkálukú mú ife tirẹ̀ wá. Wàrà ò tán, mo sì ti sè é." Lẹ́yìn náà, òun àti wolé-wolé jọ ń wọlé kiri, wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn ṣe lè sá fún àrùn náà. Àwọn ilé tó ti lé wolé-wolé tẹ́lẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn, torí ta ni yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀?

Àrùn náà kógbá wọlé. Lọ́jọ́ tí ọmọ olówàrà padà dé, àwọn ọmọ abúlé tò sí ojú ọ̀nà, wọ́n ń fi ṣíbí lu ife wọn, bàbá rẹ̀ sì ń sunkún ayọ̀ láàárín wọn.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o gbé ìkòkò omi síta fún àwọn èrò, nọ́ọ̀sì ní kí o mú igbá kan ṣoṣo orí rẹ̀ kúrò, o sì lé e. Kò bú oore rẹ. Lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí, kí ẹ jọ wọ àwọn ilé tó kù tí kò tíì gbà á sílé. Wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ.