Ibi Tí Ọwọ́ Kò Dé Rí

Ọ̀rọ̀ omi ló ba Omíyalé nínú jẹ́. Òun àti Àdìgún, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni ìlú Ìdó-Iyanrìn yàn láti máa wá omi nínú odò tó gbẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn nìkan ló ń kù níbẹ̀. Wọn a fi igbá wa kòtò. Bí ó bá jìn dé ìgúnpá tí omi kò yọ, wọn a lọ wa òmíràn. Bí àwọn bàbá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Omi a yọ níbí lónìí, a yọ lọ́hùn-ún lọ́la, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Wọ́n ní àkọsẹ̀bá ni.

Lọ́dún yìí kò yọ rárá. Ọba ní bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé tí kò sí omi, kí gbogbo ìlú ṣí lọ. Ìyá Omíyalé sì rèé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ta ni yóò gbé e rin ìrìn ọjọ́ méje? Ẹ̀rù ba Omíyalé gidigidi.

Ni àwọn méjèèjì bá tọ Ìyá Ẹ̀yìnaṣọ lọ, arúgbó tó ń da obì. Obì yàn. Ìyá ní, “Omi kò sọnù. Kí kálukú yín rú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, èyí tó ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lára. Ẹ fọwọ́ ara yín tú òwú rẹ̀, kí ẹ sì sin ín sínú odò, níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò dé rí.”

Àdìgún bú sẹ́rìn-ín. “Agbádá mi, kí n lọ bò ó mọ́ iyanrìn? Ìyá, ẹ wá ẹlòmíràn tí ẹ máa fi ṣeré.” Ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ wa ogójì kòtò.

Omíyalé jókòó ti aṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹ̀yìnaṣọ. Lójú aṣọ, òwú yọ níbí, ó wọlé, ó tún yọ lọ́hùn-ún, bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ó yí aṣọ padà kó lè tú u. Háà! Òwú kan ṣoṣo ni, ó ń lọ geere lẹ́yìn aṣọ.

“Ìyá, kò já rárá!”

“Ta ló sọ fún ọ pé ó já? O mọ iwájú, o mọ ẹ̀yìn, o mọ ọ̀tún, o mọ òsì, o wá rò pé ọ̀nà ti tán.”

Omíyalé wa kòtò kan ṣoṣo, ó ń wá ibi tí ọwọ́ kò dé rí. Ó kọjá ìgúnpá, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọjá ìbàdí. Ó kọjá orí rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ sin aṣọ náà, omi tutù fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀. Ó ń ṣàn lábẹ́ bó ti ń ṣàn tipẹ́. Àpáta ló ń tì í yọ sókè níbí àti lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń wo nǹkan kan tó kéré ju eruku lọ, tó ń yọ níbí, tó ń yọ lọ́hùn-ún, wọ́n ní kò nídìí. Àwọn kan ń bi ara wọn bóyá ọ̀nà mìíràn wà, tí kì í ṣe òkè, tí kì í ṣe ìsàlẹ̀, tí ìka wa kò lè nà sí. Wọn kò tíì rí i. Èmi náà kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ̀yìn aṣọ rí, ẹ má pè é ní àkọsẹ̀bá níṣojú mi.

Omíyalé gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mu omi náà, ìlú kò sì ṣí mọ́. Àdìgún, ogójì kòtò rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó gbé igbá dé etí kòtò Omíyalé, kò ní okùn tó gùn tó. Òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Pẹ̀lú àbámọ̀, ó mú agbádá náà, ó fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ó pọ̀, ó so igbá mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sínú omi.

Ìyá Ẹ̀yìnaṣọ ń wò ó. Ó ní, “Àdìgún, ẹbọ á fín o.”