Ìlú Tó Pàtẹ́wọ́ fún Ìkìlọ̀

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí òkun, ìlú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn ará ilé wa wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn po gbogbo rẹ̀ mọ́ èdè òyìnbó, ó sì di ẹyọ èdè kan. Òun ni wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ, òun ni wọ́n fi ń sunkún òkú. Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìlú. Èdè òyìnbó nìkan ló ń wọ ibẹ̀, ọkùnrin yìí, tó jẹ́ akọ̀wé ìlú, ló sì ń ṣọ́ òfin náà.

Lọ́dún kan, ilẹ̀ òkè tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́lé sí bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ní bí òjò ńlá bá rọ̀, òkè á ya lulẹ̀. Akọ̀wé pe ìlú jọ, ó fi èdè òyìnbó tó dán mọ́rán ka ìkìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n kó kúrò. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbalé lọ. Òjò ń ṣú, ẹnikẹ́ni kò dirù.

Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ta ní í pàtẹ́wọ́ fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, ó gun òkè lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń din àkàrà ìrántí òkú.

“Màmá, ẹ wà níbẹ̀ lánàá. Kí ni mo kà?”

“Ta ló mọ̀? Ó ṣáà dùn. Ó dà bí ìwàásù bíṣọ́ọ̀bù.”

“Ẹ sì pàtẹ́wọ́?”

“Bí ìjọba bá kàwé tán, ṣé a kì í pàtẹ́wọ́ ni? Ọmọ àbúrò mi ló ń kàwé! Àtẹ́wọ́ tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò lè rín in. Ó lóṣòó ti ààrò, ó fi èdè àdàlù ilé wọn sọ fún un pé òkè ń bọ̀ wá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá náà kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó gbé epo kúrò lórí iná, ó bọ́ síta, ó fi igbe ta. Kí akọ̀wé tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó ru ẹní àti ìkòkò ti ń ré e kọjá lọ́nà.

Nígbà tí òkè ya, ilé òfìfo ló bò.

Ìwọ ọmọ mi, wọ́n ti fi ọ́ sínú ìgbìmọ̀ tí yóò yan èdè tí ìjọba yóò máa fi bá ará ìlú sọ̀rọ̀, o sì ní èdè àdàlù kò níyì. Mi ò bá ọ jiyàn iyì. Kí o tó dìbò, mú òfin kan lọ sí ìdí ààrò ẹnì kan, kí o fi èdè òyìnbó sọ ọ́ níbẹ̀, kí o tún fi èdè àdàlù sọ ọ́. Èdè tó bá gbé onílé dìde, òun ni kí o yàn.