Òkété Dí Ẹnu Àpáta Tó Ń Hó

Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fún àgbà láyè lórí ẹní. Àlọ́ mi ta gbọ̀ngbọ̀n, ó bọ́ sórí Òkété, ní ìlú tí ilẹ̀ ti ń hó.

Ní ìgbà kan rí, igi ìdáná tán nílùú àwọn ẹranko. Èyí tó kù tútù, èéfín rẹ̀ sì ń ba ojú àwọn ọmọ jẹ́. Ìyá Ẹtu, tí ọmọ tirẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ló ní kí wọ́n gbìyànjú àpáta ẹ̀yìn ìlú. Omi ń hó nínú àpáta náà, ooru sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ní bí ooru ìkòkò bá lè ṣí ọmọrí, ooru àpáta á lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Erin ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi omi dáná. Ìyá Ẹtu kò bá a jiyàn. Ó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ lé ẹnu àpáta. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ jinná. Erin jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n bu òmíràn wá.

Wọ́n bẹ Òkété, nítorí òun ló mọ ilẹ̀ gbẹ́. Ó gbẹ́ ihò láti àpáta dé àgbàlá oníkálukú. Oúnjẹ ń jinná láìsí igi, láìsí èéfín. Ìyá Ẹtu tilẹ̀ to pákó pẹlẹbẹ yí igi róbótó kan ká. Ooru ń fẹ́ ẹ, ó ń yí, ọlọ tí wọ́n so mọ́ ọn sì ń bá wọn lọ àgbàdo.

Gbogbo ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ Òkété. Ọpẹ́ kò yó o. Òun ló gbẹ́ gbogbo ihò, ìkòkò kan ṣoṣo ló sì ń sè, bíi ti Ìgbín tí kò gbẹ́ nǹkan kan. Ó dùn ún. Nígbà tí ìlú lọ sóko, ó gbé amọ̀, ó wọ abẹ́ ilẹ̀, ó dí ihò gbogbo ilé, ó ku tirẹ̀.

Wọ́n dé, ìkòkò wọn tútù. Òkété bá wọn kẹ́dùn. Ó ní ilẹ̀ ló ń bínú, òun nìkan ló sì gbà láti máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ se oúnjẹ, kó gbé e wá. Ilẹ̀ yóò gba ìdajì. Òkété ló ń bá ilẹ̀ jẹ ẹ́.

Ilé rẹ̀ kún. Àmọ́ ilẹ̀ yàrá ti ń jó wọn lẹ́sẹ̀, ògiri sì ń gbọ̀n.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ìkòkò tó ń hó kì í gbà kí wọ́n dí òun lẹ́nu. Ẹ lọ ṣí díẹ̀ níbẹ̀."

Òkété ní bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó kó wọn lọ. Òkété wá rántí pé ooru díẹ̀ ṣì ń jáde lẹ́nu àpáta, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè se ọ̀lẹ̀lẹ̀ láìfún ilẹ̀ ní nǹkan. Ó lọ dí ibẹ̀ náà.

Kò pẹ́ tó délé, tòun tamọ̀ lọ́wọ́, tí ihò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ìkòkò fò kúrò lórí rẹ̀. Ó fẹ́ wọlẹ̀ lọ tú amọ̀, ooru kò jẹ́. Bó ṣe kẹ̀yìn sí ihò kó sá ni ilẹ̀ là, gbàà. Òrùlé lọ. Oúnjẹ lọ. Òkété náà lọ, ó sì balẹ̀ sáàárín ìlú pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ Erin lórí.

Ìyá Ẹtu wo amọ̀ náà títí.

"Òkété, ṣé amọ̀ yìí ni ilẹ̀ fi ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

Òkété kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Wọn kò nà án. Ooru ti ṣe èyí tó tó. Wọ́n ní kó ṣí gbogbo ihò padà, ó sì ṣí i. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì í láti rìn lọ́sàn-án. Ooru bó irun ìrù rẹ̀, ìparí rẹ̀ sì funfun títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tí ilẹ̀ fún gbogbo ìlú, kí ẹnì kan má ṣe dí i lẹ́nu nítorí ikùn ara rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà mìíràn, ara ẹni tó dí i ni yóò gbà jáde.

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo pa, kó mú òkété kan, kó wo ìrù rẹ̀.