Ìdí Tí Imí-Ọjọ́ Fi Ń Rùn

Nígbà láéláé, nígbà tí òkúta ṣì ń rìn tí ó sì ń sọ̀rọ̀, imí-ọjọ́ kì í rùn. Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán ni. Orúkọ tí a ń pè é lónìí kọ́ ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí tàtijọ́ mọ́.

Òun ló ń tọ́ omi ìsun wò fún àwọn ẹranko. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá bu omi fún àlejò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ẹranko ti ṣìṣe. Òkúta ni wọ́n fi ṣe atọ́wò, òkúta tí májèlé kankan kò lè pa.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, imí-ọjọ́ tọ́ omi wò, ó sì mọ̀ pé Òjé, irin olóró tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà nínú omi náà. Òjé ti yòrò sómi, ojú kò lè rí i.

"Òjé, jáde," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wàá pa àwọn tó ń mu omi yìí."

"Oòrùn ló fẹ́ pa mí lókè níbẹ̀," ni Òjé dáhùn. "Jẹ́ kí n fara pamọ́ títí òjò á fi rọ̀. Mo ṣe bí ọ̀rẹ́ ni wá. Àbí o fẹ́ tú mi fó?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ èyí ni Ẹtu dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọmọ méjì ti kú mọ́ Ẹtu lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta yìí ni ó sọ ní Dúrójayé.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ni Ẹtu wí. "Ṣé omi dára lónìí?"

Imí-ọjọ́ wo ọmọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nílẹ̀.

"Ó dára, ìyá Dúrójayé," ni ó wí. Ó ki ọwọ́ bọ omi, omi sì ń ta sánsán.

"Mu ún dáadáa, ọmọ mi," ni Ẹtu wí.

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi wá mu omi náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ẹtu nìkan ló wá, igbá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Inú ń run Dúrójayé," ni ó wí. "Kò lè dìde mọ́. Omi yín nìkan ló ń béèrè, bàbá."

Imí-ọjọ́ na ọwọ́ dí i lọ́nà. "Má bù ú. Òjé wà nínú rẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ mú ọmọ náà wá."

Ẹtu kò pariwo. "Ẹ mọ̀, bàbá," ni ó wí. "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń wo ọmọ mi bó ṣe ń mu ún." Ó fi igbá sílẹ̀, ó sáré lọ sílé. Kí ó tó dé, ọmọ ti kú.

Ìbànújẹ́ dorí imí-ọjọ́ kodò. Ó rí iná tí ń jó igbó lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì kó wọ inú rẹ̀ kí òun náà lè kú. Iná kò pa á. Òórùn dídùn rẹ̀ nìkan ló jóná. Òórùn burúkú kan rọ́pò rẹ̀, tí àwọn ẹranko fi ń wúkọ́ tí wọ́n ń sá.

Ó padà sí ìsun, ó dì mọ́ Òjé nínú omi. Lójú gbogbo ayé, Òjé tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀ dúdú bí èédú, ó sì rì sí ìsàlẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí irọ́ ti sin kí ọjọ́ náà tó pé.

Láti ọjọ́ náà ni imí-ọjọ́ ti ń rùn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè bo òjé láṣìírí mọ́. Bí ó bá ti kàn án, á dúdú, fàdákà pàápàá á ṣú. Títí dòní, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tí a fi í ṣe, ni àwọn tó ń yẹ omi wò nínú yàrá àyẹ̀wò máa ń ké sí, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú kò rí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ èsì tán, wọ́n á dé e mọ́ inú ìgò, wọ́n á ṣí fèrèsé. Ojoojúmọ́ ló ń sọ òótọ́, fún ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó dé etí Dúrójayé.