Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ Ṣe Fi Òfin De Ìdí Erinmi

Àlọ́ mi gbéra, ó fò lókè igi, ó rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò rí orí tó le tó láti bà lé, àfi orí Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fẹ́ láyé yìí: kí gbogbo ẹranko igbó máa wo òun. Kì í ṣe wíwò lásán o. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì rajà. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló ń ṣe. Tó bá jẹ ekùrọ́ tán, a fi eyín lu èèpo rẹ̀ níhò, a ki okùn bọ̀ ọ́, ó di ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ọjà ni kò tà.

Ibi tí ọjà ti ń tà nígbà náà ni Ògiri. Àpáta ńlá kan ni Ògiri yìí, Erin ló ni ín. Ẹni tó bá ní ọjà, tàbí ọ̀rọ̀, tàbí ẹjọ́ tí kò kan ẹnikẹ́ni, a ya fọ́tò rẹ̀ sára èèpo igi, a kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, a gbé e kọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ohun tó rí, a fi èékánná họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò tí ojú èékánná rẹ̀ bá pọ̀ jù ni Erin máa ń gbé lọ sókè téńté, kí ará òdìkejì odò pàápàá lè rí i. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹranko kì í kúrò níwájú Ògiri. Àwọn kan ò ṣọdẹ mọ́. Àwọn kan gbàgbé ọmọ sétí odò, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rántí, wọ́n sì tún gbé ọmọ ọlọ́mọ wálé.

Ta ló wà lókè téńté? Erinmi ni.

Erinmi náà ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ni pé Erinmi ní ibi tó ń so ó mọ́. Fọ́tò rẹ̀ rèé: ó ń jáde bọ̀ látinú odò, omi ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀nà márùn-ún rọ̀ mọ́ ìbàdí rẹ̀, ó wá yíjú padà díẹ̀, ó fi ojú kan ṣoṣo wo olúwarẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé, "Ṣé o ti jẹun?" Èèpo igi mẹ́tàdínlógún ni wọ́n rán pọ̀ kí ìdí náà tó gbà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ileke idi, o wa lowo Erinmi.*

Ìmàdò wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ò ní pẹ́. Ọjọ́ kẹta ni ìyàwó rẹ̀ tó fi igi lé e lọ sílé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ya tiẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó yíjú padà, ó dijú kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ ìdí ọ̀kẹ́rẹ́. Kò ju ẹ̀pà méjì lọ, ìrù tún bò ó mọ́lẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ojú èékánná kan péré ló rí, tirẹ̀ náà sì ni. Ìgbà tí ẹnì kan máa tiẹ̀ dúró níbẹ̀, Ẹtu ni, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ìgbálẹ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ yìí ló gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ Erin. Ó ti fajú ro kó tó dẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o."

"Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ló dé? Ojú rẹ dà bí ẹni tó mu omi ewúro."

"Bàbá, ayé ti bàjẹ́. Mo kọjá níwájú Ògiri yín láàárọ̀ yìí. Ohun tí mo rí, n kò lè fi ẹnu mi sọ ọ́."

"Ẹnu ta lo wá fẹ́ yá?"

"Ìdí ni, Bàbá. Ìdí gbàgàdà."

"Ìdí ta ni?"

"Ti Erinmi. Ọmọdé ń kọjá níbẹ̀, àgbà ń dúró níbẹ̀. Wọ́n á máa wí káàkiri pé Bàbá Erin tó wúwo tó yìí, ìdí ló ń kọ́ sára ògiri."

Erin ti wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ yẹn, ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Ẹ ṣòfin. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ 'idi' sábẹ́ rẹ̀, kó wálẹ̀."

"Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?"

"Ikán."

Erin rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń lu ara wọn. "Ikán! Ikán tí ò lójú?"

"Ohun tí mo ṣe mú wọn gan-an nìyẹn, Bàbá. Ẹ fi ẹni tó lójú ṣọ́ ìdí Erinmi, ṣé yóò ṣiṣẹ́? Ìmàdò lójú, ẹ rí ohun tó fi ṣe. Ikán kì í wòran. Ìwo tín-ín-rín orí wọn ni wọ́n á fi máa wá lẹ́tà: i, d, i. Tó bá ti pé, wọ́n á jẹ ẹ́. Kò ní sí ojúsàájú, torí kò sí ojú."

"Àmì ohùn wá ńkọ́? Ìdí wà, ìdì wà."

"Bàbá, ta ló ń fi àmì sọ́rọ̀ lórí Ògiri? Ẹ̀yin gan-an, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ 'E ku odun' síbẹ̀, àmì mélòó lẹ fi sí i?"

Erin wúkọ́. Ọ̀rọ̀ àmì parí síbẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń lọ, ó tún yíjú padà. "Ẹ tún fi kan kún un, Bàbá. Kí òfin náà má mọ sára Ògiri. Ibikíbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí nínú igbó yìí, kí Ikán bá a débẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí odò ni obìnrin yẹn máa gbé e lọ."

"O gbọ́n o, Ọ̀kẹ́rẹ́."

"Ẹ̀rù Ọlọ́run ló ń bà mí, Bàbá."

Nígbà tí oòrùn ọjọ́ kejì yọ, Ikán ti dé. Kí Ìmàdò tó fọ ojú tán, èèpo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún ti di ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n Ikán kì í mọ ìgbà tó yẹ kóun dúró. Òkété ń ta ewé, ó kọ *idi ewe* sábẹ́ ọjà rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́. Ọ̀bọ gbé fọ́tò tẹbí-tará kọ́, ó kọ *Idile Obo*. Wọ́n jẹ ẹ́, ara ìyá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀bọ ò tiẹ̀ ráhùn púpọ̀. Ìmàdò fẹ́ bẹ ìyàwó rẹ̀, ó gbé ojú ara rẹ̀ kọ́, ó kọ *Idi ti mo fi feran iyawo mi*, ó sì to nǹkan méje sísàlẹ̀. Nígbà tí ìyàwó fi máa dé, ibẹ̀ ti ṣófo.

"Ibi tó o kọ ọ́ sí dà?"

"Ikán ti jẹ ẹ́."

"Ikán."

"Ikán ni, olólùfẹ́ mi."

Igi tún bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.

Erinmi ní tiẹ̀ dúró níwájú Ògiri, ó pariwo títí odò fi ru. "Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni mò ń tà! Ṣé etí ni kí n so ó mọ́?" Ó so ó mọ́ kùkùté igi, ó ya á ní fọ́tò, àwọn oníbàárà ń béèrè ohun tó ń ṣe igi náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sára pákó létí odò. Ikán bá a débẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ní nílé, tí wọ́n ń jẹ koríko bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ò bá tà, ẹrù ọmọ mẹ́rin kì í ṣe kékeré.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá kí i kú àjálù.

"Ìyá mi, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi."

"Ojú rẹ gbẹ."

"Inú ló ń bọ́ sí. Ìyá mi, ọgbọ́n kan wà o. Ẹ má kọ 'idi' mọ́. Ẹ kọ 'ibi ijokoo'. Ikán ò ní mọ̀."

Erinmi wò ó láti orí dé ìrù. "Kí lo máa gbà?"

"N ò gba nǹkan kan. Àyè yín tó wà lókè téńté yẹn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Fọ́tò yín á wà níbẹ̀, orúkọ mi á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin á máa tà nísàlẹ̀."

"Ìdí mi, orúkọ ẹ?"

"Ìyá mi, ibi ìjókòó ni ká máa pè é."

Kí ni Erinmi fẹ́ ṣe? Ó gbà. Láti ọjọ́ náà, *Ileke ibi ijokoo, o wa lowo Okere* ló wà lókè. Erinmi wà nísàlẹ̀ pátápátá láàárín koríko, níbi tó jẹ́ Ìgbín nìkan ló ń gbà kọjá, Ìgbín ò sì ní ìbàdí. Àwọn oníbàárà ya bo Ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá dé tó rí i á kọ háà.

"Ìwọ ló wà nínú fọ́tò yẹn?"

"Mo rù díẹ̀ ni."

Wọ́n sì ń rà á bẹ́ẹ̀. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ẹyẹ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣeré: Idì, ọba ẹyẹ. Gbogbo ìgbà tí oṣù tuntun bá lé ló máa ń gbé ojú ara rẹ̀ kọ́ sára Ògiri, á kọ ọ́ pé, *Emi ni Idi. E beru mi.* Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Ikán jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bà sórí ẹ̀ka tó wà lókè Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Wọ́n ní ìwọ lo mọ ọ̀nà."

Ara Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbọ̀n, nítorí oúnjẹ ọ̀sán Idì kì í ju ọ̀kẹ́rẹ́ kan lọ. Ẹnu rẹ̀ ni kò gbọ̀n. "Kábíyèsí, ẹ kọ 'ibi ijokoo'. Kí ni ọba ń gùn? Ìtẹ́. Kí ni ìtẹ́? Ibi ìjókòó ni."

"Ó mọ́gbọ́n wá."

"Ó sì níyì. Kí Kábíyèsí sáà ṣèlérí pé wọn ò ní jẹ mí."

"Mi ò ní jẹ ọ́," ni Idì wí, ó sì na èékánná sókè.

Lọ́jọ́ kejì, ojú Idì wà lára Ògiri, ó le koko bí òkúta, ẹnu ṣóńṣó, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Emi ni Ibi Ijokoo. E beru mi.*

Ẹ̀yin èèyàn mi. Erin rẹ́rìn-ín, ó fara ti igi, igi wó. Ìmàdò rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni wọ́n ti parí ìjà. Ibi tí Idì bá ti kọjá, àwọn ẹyẹ á máa kí i: "Kábíyèsí, Ibi Ìjókòó! Ẹ kú ìjókòó o!" Idì rò pé ìbọ̀wọ̀ fún ni, ó ń ju ìyẹ́ sí wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ju ìyẹ́. Ní ọjọ́ keje, ìyàwó rẹ̀ pè é jókòó.

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Erinmi ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́?"

Idì rò ó. Ó tún un rò. Ó na apá, ó gbéra.

Ní gbogbo àkókò yìí, wàhálà ọ̀tọ̀ ló bá Ọ̀kẹ́rẹ́. Oníbàárà ti pọ̀ jù, wọ́n ń ṣì ilé ya. Àwọn kan ń kan ilẹ̀kùn ihò Ejò. Inú àràbà gíga kan ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé, ibẹ̀ náà ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gbogbo wà. Ó bá fi eyín gbẹ́ àdírẹ́sì sára igi náà, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba, bí gbogbo wa ṣe ń júwe ilé láti ọjọ́ táláyé ti dáyé: *OKERE ONILEKE, IDI ARABA.*

Kò tíì tu èérún igi tán lẹ́nu tó fi gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ikán ti dé. I, d, i.

"Ẹ dúró! Ìdí igi ni! Kì í ṣe ìdí ìdí!"

"Òfin ò ya igi sọ́tọ̀," ni Ikán wí.

"Ara Ògiri nìkan ni òfin wà!"

"Ibikíbi nínú igbó ni. Wọ́n fi kan kún un."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi kún un!"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ni Ikán wí, wọ́n sì ń jẹun lọ.

Wọn ò jẹ òkè, wọn ò jẹ ẹ̀ka. Ìdí ni òfin wí, ìdí ni wọ́n jẹ. Àràbà yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ó wó lulẹ̀ gbìràmù, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ dà sódò. Ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́ síta, kò níhò, kò nígi, ó gbójú sókè, Idì ló rí.

"Kábíyèsí! Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní jẹ mí!"

"Mi ò ní jẹ ọ́," ni Idì wí. "Ibi ìjókòó ò léyín."

Ó gbé e. Ó fa irun ìrù rẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa ti ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, ó wá fi okùn ìlẹ̀kẹ̀ so ó kọ́ sókè téńté lára Ògiri, ojú sí àpáta, ẹ̀yìn sí aráyé. Gbogbo igbó péjọ. Ẹ̀pà méjì náà ń tàn yanran nínú oòrùn.

Ikán gun Ògiri wá. Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn. "Ẹ gbà mí o! Ìhòòhò ni mo wà! Ẹ jẹ okùn yìí, kí n wálẹ̀!"

Ikán fi ìwo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n wá a yíká.

"A ò rí 'idi' kankan níbí," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń lọ.

"Ìyá Erinmi! Ìyá mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sábẹ́ ibí! Lẹ́tà mẹ́ta péré ni!"

Erinmi wò ó, ó fi ojú kan ṣoṣo wò ó. "Háà! Ọ̀rọ̀ tí òfin kà léèwọ̀? Èmi abiyamọ?"

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Ojú èékánná tó rí kò lóǹkà. Kò sẹ́ni tó ra ìlẹ̀kẹ̀ kan. Nígbà tí òjò já okùn, ó sá wọ igbó. Ọ̀rọ̀ sú Erin, ó wọ́gi lé òfin náà, ó da Ikán padà sídìí iṣẹ́ wọn àtijọ́, Erinmi sì padà sókè téńté, èèpo igi méjìdínlógún báyìí, nítorí oúnjẹ tún ti bọ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò ju báyìí lọ: ìwọ tó o fẹ́ ṣòfin nítorí ọjà ẹlòmíràn, kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì ilé rẹ. Tó o bá sì ń kọ Yorùbá, fi àmì sí i.

Àwọn tó pàlọ́ ṣáájú mi máa ń dárúkọ ibi tí àlọ́ wọn fi balẹ̀ kí wọ́n tó dákẹ́. Èmi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹnì kan lè máa gbọ́ wa lára igi. Ibi ìjókòó àlọ́ mi rèé.